Àwa Tí À Ń Wọn Àìsàn Lára Eku

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ máa ń wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò mi ní Akparé níbí, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára jù kéèyàn kọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí èmi Akósíwá fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe. Eku ni mo tọ́jú. Ó yá, ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí n lè máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ìyá mi gan-an rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní, "Háà! Eku tí à ń fi igi lé jáde nínú àká, òun ni wọ́n gbà ẹ́ pé kó o máa fún lóúnjẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n má sọ ọ́ létí àwọn ará ọjà.

Eku nìkan kọ́ ṣá o. Ehoro wà níbẹ̀, adìẹ wà níbẹ̀, ẹmọ́ òyìnbó náà wà níbẹ̀. Ilé ìwádìí àìsàn kan ni, lórí òkè lẹ́yìn ìlú Atakpamé, tí àwa òṣìṣẹ́ ń pè ní lábò bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn rárá. Mo mọ̀wé díẹ̀, mo gbọ́ èdè Ifẹ̀ wa, mo gbọ́ Éwé, mo gbọ́ Faransé, ẹranko kò sì bà mí lẹ́rù. Owó oṣù kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ibi tí mo ń lọ ṣì jìnnà.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Ọ̀gá Kòjó. Dókítà ẹran ni, òun ló sì ń ṣe àkóso gbogbo ibi tí ẹranko wà ní lábò náà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni, kì í pariwo. Bí ẹlòmíràn bá bínú, á jágbe. Bí Ọ̀gá Kòjó bá bínú, ṣe ló máa dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́, kí olúkúlùkù yáa wá ibi gbà.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹranko kankan. Àgò ni mo ń fọ̀. Mo fọ àgò títí èékánná mi fi rọ̀. Ọjọ́ kan ló sú mi, mo bá lọ bá a, mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ọwọ́ mi dọ̀tí ni?"

Ó wò mí, ó ní, "Ọwọ́ rẹ kò dọ̀tí. Ojú rẹ ló ń kánjú."

Ló bá gbé àpótí kan síwájú àgò ehoro, ó ní kí n jókòó, kí n máa wò ó, bí mo bá rí nǹkan kí n wá sọ. Mo wò ó fún ìgbà díẹ̀, mo ní n kò rí nǹkan kan. Ó ní kí n tún wò. Ọ̀sán pọ́n, ebi ń pa mí, mo ń bú u nínú ikùn mi. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ehoro náà ń jẹun, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ṣoṣo ló fi ń jẹ. Mo sáré lọ sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Eyín ń dùn ún. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mo ti mọ̀. Wá, kí n kọ́ ẹ bí a ṣe ń gbé e." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan ẹranko nìyẹn.

Ó le! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé kò le. Bó o bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ò ń wọn ẹranko, á ní kó o tún un wọ̀n. Bí ìpara olóòórùn bá wà lára rẹ, á ní kó o padà sílé lọ wẹ̀. Ó ṣe é fún mi lọ́jọ́ kan tí mo ti ilé ìsìn bọ̀ pẹ̀lú aṣọ tó dáa lára mi. Mo sunkún láti òkè yẹn dé ìsàlẹ̀, àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní zẹ́mì ń bi mí pé ta ló kú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà, bó bá wọlé láàárọ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òṣìṣẹ́." Àwọn ẹranko ló ń kí. Lọ́jọ́ tí a bá sì ní láti pa èyíkéyìí nínú wọn, á ṣí fìlà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣe àwàdà níbẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé nítorí kí ọmọ ẹnìkan má bàa kú ni ẹranko yìí ṣe ń kú, nítorí náà, bí a bá fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré, a pa á lásán ni. N kò tíì rí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ẹranko tó bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá n ó tún rí i.

Àwọn irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, òṣùwọ̀n tí à ń gbé kọ́ ni a ní, ìwọ á fi òkúta irin sí apá kan, á fi ẹranko sínú apẹ̀rẹ̀ lápá kejì, ẹranko á máa jà, òṣùwọ̀n á máa jó. Nígbà tó yá, èyí tó ń lo iná mànàmáná dé, tó ń kọ iye fúnra rẹ̀ pẹ̀lú iná pupa. Pákó àti wáyà la fi ń ṣe àgò tẹ́lẹ̀. Ó di onídígí tó ní atẹ́gùn tirẹ̀, tó jẹ́ pé ohun tí ẹranko bá mí síta kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Àwa tí à ń fi aṣọ ìdáná lásán ṣiṣẹ́ di ẹni tó ń wọ aṣọ bo aṣọ, ìbọ̀wọ́ lórí ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti gíláàsì ojú. Ooru rẹ̀, ẹ má bi mí!

Yàó dé ọ̀dọ̀ wa ní àkókò àgò onídígí yìí. Ọmọ ìlú Moretan ni, ọdẹ ni kó tó wá ṣiṣẹ́ lábò, ó sì rí gìrìwò bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn bàbá àwọn eku tó ń bọ́ ló ti pa jẹ tán nínú igbó etí odò Mónò. Òun náà á ní, "Ìyá Akósíwá, gbèsè ni mo ń san." Oúnjẹ àti omi àwọn ẹranko wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kòrónà wá dé. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí, wọ́n ti iléèwé yín. Nígbà náà ni wọ́n kó eku kan wá fún wa, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní àmísítẹ̀. Ó kéré, irun rẹ̀ pupa bí iyanrìn, kò ní ìrù tó ṣeé dì mú. Ohun tó yani lẹ́nu lára rẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí òkété ṣe ń kó ẹyìn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sá wọ ihò, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀, ó lè kó oúnjẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí orí rẹ̀ á fi tóbi ju ara lọ. Eku ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ la sọ ọ́. Wọ́n yàn án nítorí pé kòrónà ń mú un ní ẹ̀dọ̀fóró bó ṣe ń mú èèyàn.

Kòkòrò kòrónà kì í dúró lójú kan, ó ń para dà ni. Bí a bá fẹ́ẹ́ mọ ọ̀kan tán, ẹ̀yà mìíràn á tún yọ. Ìbéèrè gbogbo èèyàn ni pé, ṣé èyí tó dé yìí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni, àbí ó fúyẹ́? Ohun tí iṣẹ́ wa wà fún nìyẹn. A ó fún àwọn eku kan ní ẹ̀yà ti àkọ́kọ́, a ó fún àwọn mìíràn ní ẹ̀yà tuntun, a ó sì fi àwọn kan sílẹ̀ láìfún wọn ní nǹkan kan. Láràárọ̀ la ó máa wọ̀n wọ́n. Èyí tí àìsàn bá le lára rẹ̀ kò ní jẹun, á rù. Èyí tó bá fúyẹ́ lára rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò ní já púpọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan yòókù gbọ́dọ̀ rí bákan náà, oúnjẹ kan, omi kan, ìmọ́lẹ̀ kan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó ta jù nínú ata méjì, ṣé ẹ ó fi epo púpọ̀ sínú ọbẹ̀ ọ̀kan kí ẹ fi ti èkejì sílẹ̀ ni?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí délé. Àbúrò ìyá mi ti kú ní Moretan. Ọjọ́ ogbó ló pa á, wọ́n sì ti sin ín, ṣùgbọ́n ìnáwó òkú kò tíì ṣeé ṣe, nítorí àwọn aláṣẹ ní kí èèyàn má ṣe kóra jọ. Ìyá mi, àyà rẹ̀ kò dáa, bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ báyìí, ikọ́ ni. Ó jókòó sílé ní Akparé, ó ń dúró. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ló ń sọ fún mi pé, "Èmi nìkan ni mo kù nínú ọmọ ìyá wa. Bí n kò bá dé ibi òkú rẹ̀, ta ló fẹ́ dé ibẹ̀?"

Ìgbà tí ẹ̀yà tuntun ọ̀hún wọ ìlú, àwọn aláṣẹ ń pe Ọ̀gá Kòjó láràárọ̀. Bí kò bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn yóò jẹ́ kí àwọn èèyàn ṣe òkú wọn. Ọ̀gá ní kí wọ́n fara balẹ̀. Wọn kò fara balẹ̀. Àwa náà ń wọ̀n, ìwọ̀n àwọn eku tó gba ẹ̀yà àkọ́kọ́ àti ti àwọn tó gba ẹ̀yà tuntun ń bára dọ́gba lọ ni. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu títí, ó sọ fún wọn pé bó ṣe rí títí di òní, èyí tuntun kò le ju ti àkọ́kọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, rédíò ti gbé e. Wọ́n ní kí àwọn tó ní òkú nílẹ̀ máa múra, láti ọjọ́ Sátidé lọ.

Ẹ ò rí ìyá mi! Ó di ẹrù, ó sọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún onímọ́tò tó ń lọ Moretan, pé kó fi ààyè iwájú sílẹ̀ fún òun ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú Jímọ̀ yẹn, òjò ńlá rọ̀. Ojú ọ̀nà òkè wa di ọ̀gbàrá, zẹ́mì tó gbé Yàó sì rì sínú ẹrẹ̀. Ìgbà tó fi dé, à ń múra láti wọ̀n. Ó yára bọ́ àwọn ẹranko, èmi àti Ọ̀gá Kòjó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gbé eku kan jáde nínú àwọn tó gba ẹ̀yà tuntun. Irun rẹ̀ dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ojú rẹ̀ kò là tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú. Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà jẹ́jẹ́. Ẹ̀pà já bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀pà kò sí nínú oúnjẹ tí a ń fún wọn. Kò tilẹ̀ sí ẹ̀pà nínú ilé náà.

Ọ̀gá dákẹ́.

"Yàó, wá. Kí lèyí?"

Yàó wo ilẹ̀. "Ẹ̀pà ni, Ọ̀gá."

"Mo rí i pé ẹ̀pà ni. Ta ló fún un?"

"Èmi ni. Inú agolo oúnjẹ ni mo ń kó o sí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọ̀n wọ́n tán. Lónìí tí mo pẹ́ ni mo kó o pọ̀ mọ́ oúnjẹ àárọ̀."

"Gbogbo wọn lò ń fún?"

"Rárá o. Àwọn tí ara wọn ò yá gan-an, tí wọ́n kọ oúnjẹ. Bí wọ́n bá rí ẹ̀pà, wọ́n ń jẹ ẹ́."

"Ìlà wo ni wọ́n pọ̀ sí jù?"

Yàó nawọ́ sí àwọn tí a fún ní ẹ̀yà tuntun.

Ẹ ti rí i báyìí? Àwọn tí àìsàn le lára wọn jù ni Yàó fi ẹ̀pà gbé ró. A rò pé àìsàn méjèèjì dọ́gba, kò sì dọ́gba, ẹ̀pà ló dí àárín wọn. Mo figbe ta, mo ní, "Yàó! O ti pa wá!" Ọkùnrin gìrìwò yẹn bú sẹ́kún. Ó ní nílé bàbá òun, ẹran tí ọdẹ bá mú láàyè, tó dè mọ́lẹ̀, èèwọ̀ ni kí ebi pa á títí wọn ó fi pa á. Ó ní òun kò rò ó pé oore lè ba nǹkan jẹ́.

Mo ń retí kí Ọ̀gá lé e lọ. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ṣé mo sọ fún ẹ pé a kì í fún wọn ní nǹkan mìíràn?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá."

"Ṣé mo sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ?"

Yàó kò fẹ́ dáhùn. Ó wá ní, "Ẹ ò sọ ọ́."

"N kò sọ ọ́ lóòótọ́. Àṣẹ ni mo pa. Ẹ̀bi tìrẹ wà níbẹ̀, ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Lọ bọ́jú. Bó o bá dé, a ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìwọ ni wàá sì máa di òṣùwọ̀n mú."

Nígbà tí Yàó jáde, mo rẹ ohùn sílẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, àwa mẹ́ta péré la mọ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe ná. Bóyá á tún rí bákan náà, ẹ ò sì ní ta epo sí aṣọ àlà yín." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, orúkọ rẹ̀ ni mo ń rò. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò tíì sọ̀rọ̀ kan kó tún wá kó o jẹ rí.

Ó ní, "Ìyá rẹ ń lọ Moretan lọ́la, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Ṣé kó máa lọ?"

N kò lè sọ pé kó máa lọ.

"Ó dáa," ló wí. "Gbogbo ìlú ló ní ìyá."

Ó gun zẹ́mì nínú òjò yẹn, ó lọ bá àwọn aláṣẹ, láti ibẹ̀ ó gba ilé rédíò lọ. Ó fi Ifẹ̀ sọ ọ́, ó fi Éwé sọ ọ́, ó fi Faransé sọ ọ́. Ó ní, "Èmi Kòjó ni mo sọ pé àìsàn tuntun yìí kò le ju ti tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n wa kò tọ́. N kò mọ̀ bóyá ó le jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kóra jọ. Ẹ dúró dè mí." Kò dárúkọ Yàó, kò dárúkọ mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ṣa èèpo tirẹ̀ lójú gbogbo ayé. Mo gbọ́ ọ, mo sunkún, inú mi sì dùn pé ẹni bẹ́ẹ̀ ló kọ́ mi níṣẹ́.

Àwọn èèyàn fi ṣe ẹlẹ́yà o! Láàárín ọjà Atakpamé, Dókítà Ẹ-Dúró-Dè-Mí ni wọ́n sọ ọ́. Bó bá ń kọjá, wọn á pè é bẹ́ẹ̀, òun náà á juwọ́ sí wọn.

Mo sáré délé ní Akparé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá mi jókòó lórí ẹrù rẹ̀. Ó ti gbọ́. "Lánàá ó ní kò le," ló wí. "Lónìí ó ní òun ò mọ̀. Irú èèyàn wo nìyẹn? Ta ni kí n wá gbà gbọ́?" Mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀. Kò lọ, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi padà.

A tún iṣẹ́ náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Yàó ló ń di òṣùwọ̀n mú. Láràárọ̀ ló ń rí i bí àwọn tó gba ẹ̀yà tuntun ṣe ń rù ju àwọn yòókù lọ, omi ń dà lójú rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì, ó sì ń ka iye wọn síta bó ṣe rí. Nígbà tí a wo ẹ̀dọ̀fóró wọn, ti ẹ̀yà tuntun ló bàjẹ́ jù. Ó le jù lóòótọ́. Ọ̀gá Kòjó tún lọ sọ ọ́ ní rédíò. Ní àdúgbò kan tí wọ́n ti fi ìkọ̀kọ̀ ṣe òkú, àwọn àgbà kan ṣàìsàn tí wọn kò dìde mọ́. Ìyá mi gbọ́ ìyẹn náà. Ó tú ẹrù rẹ̀.

Ẹ̀yà mìíràn tún dé lẹ́yìn náà. Èyí ni gbogbo ayé ń sọ pé ó fúyẹ́. Ẹ̀rọ ìléwọ́ Ọ̀gá kò sinmi. Ó ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ó ní a ó ṣe é, a ó sì tún un ṣe, kó tó ya ẹnu. A ṣe é, a sì tún un ṣe. Àwọn eku náà ṣàìsàn díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sá kiri nínú àgò. Ọjọ́ yẹn ni mo tún gbọ́ ẹ̀rín Yàó. Ọ̀gá wá sọ fún ìlú pé èyí fúyẹ́ ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ lára ẹranko wa, ṣùgbọ́n ohun tó fúyẹ́ kì í ṣe òfìfo, kí àwọn àgbà tí àyà wọn kò dáa bo imú, kí wọ́n jókòó síta níbi tí atẹ́gùn wà.

Èmi àti Ọ̀gá Kòjó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Yàó ló ń kọ́ àwọn tuntun, mo sì gbọ́ pé bó bá pa àṣẹ kan, á sọ ìdí rẹ̀ títí yóò fi sú wọn. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́, ẹ wo ẹni tí yóò kọ́ yín kí ẹ tó wo ohun tí ẹ ó jẹ níbẹ̀. Ìyẹn ni mo lè sọ.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá sọ fún ìlú pé ẹ̀yà yẹn fúyẹ́, mo wá bá ìyá mi nílé níbí. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń sọ pé nǹkan ti fúyẹ́, aládùúgbò sọ ọ́, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́, kò mira. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Ìyá, ẹ lè máa lọ Moretan."

Kò gbé ojú sókè. "Ta ló sọ ọ́?"

"Ọ̀gá Kòjó ni."

"Èyí tó jáde ní rédíò, tó ní òun ṣì í?"

"Òun ni, Ìyá."

Ó gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró dáadáa, ó sì na ọwọ́ sí mi kí n ran òun lọ́wọ́.

"Ó ti sọ fún mi rí pé òun kò mọ̀," ló wí. "Bó bá ní òun mọ̀ báyìí, gbé ẹrù mi."